Ẹ́ńsáìmù Ẹ̀dọ̀ Ga, Kò sì Sí Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀: Kí Ló Wá Fà Á?

Èsì àyẹ̀wò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ti jáde, kò sí kòkòrò. Ti C náà jáde, kò sí. Ṣùgbọ́n lórí ìwé kan náà, wọ́n kọ ALT 88 àti AST 61, wọ́n sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pé wọ́n ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ni ìwé náà kò ní ìrora kankan. Ó ń jẹun, ó ń sùn, iṣẹ́ tuntun ló fẹ́ wọ̀ tí wọ́n fi ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ara. Kí ló wá ń bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jà?

Kò yà mí lẹ́nu pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwa ọmọ Nàìjíríà. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí HIV káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, wọ́n yẹ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wò mọ́ ọn, wọ́n sì rí i pé nínú àgbàlagbà 100, bíi 8 ló ní kòkòrò B lára. Nítorí náà, òun la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí. Ohun tó ń kó ìrònú bá mi ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe bí èsì bá ti ní kò sí kòkòrò. Àwọn kan á ju ìwé nù pé ara àwọn dá ṣáṣá. Àwọn mìíràn á lọ ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ọ̀nà méjèèjì léwu. ALT tó ga kì í ṣe orúkọ àrùn. Ó ń sọ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ni, ó sì ku ká wá nǹkan ọ̀hún kàn.

Abẹ́ egungun ìhà lápá ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Nínú gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú ikùn àti àyà, kò sí èyí tó tóbi tó o. Ti àgbàlagbà máa ń wọ̀n tó kílò kan ààbọ̀. Òun ló ń gba èròjà oúnjẹ láti inú ìfun, tó ń tọ́jú ṣúgà pa mọ́, tó ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó ń ṣe omi òróòro, tó sì ń tú oògùn àti májèlé palẹ̀ kí ara lè dà wọ́n nù. Kò lè ṣe èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí láìsí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ yá nínú sẹ́ẹ̀lì. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ibùgbé wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ń kú, tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀. Bí nǹkan bá wá ń pa sẹ́ẹ̀lì lára ju ti ojoojúmọ́ lọ, ẹ́ńsáìmù á máa tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì epo bá ń jò, ilẹ̀ la ti máa ń rí epo. Ilẹ̀ kò ní sọ fún wa bóyá ìdérí ni kò dé dáadáa, bóyá eku ló jẹ ẹ́, bóyá oòrùn ló là á.

ALT àti AST ni dókítà máa ń kọ́kọ́ wò. Láàbù mìíràn ṣì ń kọ wọ́n ní SGPT àti SGOT bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n látijọ́. Ohun kan náà ni. Inú ẹ̀dọ̀ ni ALT pọ̀ sí jù. AST wà nínú ẹ̀dọ̀, ó tún wà nínú ọkàn, nínú iṣan ara, nínú kíndìnrín àti nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Kódà, ọ̀rọ̀ ọkàn ni AST bá wọ ilé ìwòsàn. Ní 1954, John LaDue, Felix Wróblewski àti Arthur Karmen ní New York kọ ọ́ jáde pé AST máa ń ga lára ẹni tí apá kan ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lójijì. Ní 1957 ni Fernando De Ritis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Naples, ní Ítálì, fi AST àti ALT wéra lára àwọn tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Títí dòní, dókítà ṣì ń wò ó bóyá AST ló ju ALT lọ àbí ALT ló ju AST lọ, torí ó máa ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Méjì mìíràn tí ẹ ó rí lórí ìwé ni ALP àti GGT. Ojú ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà ni àwọn wọ̀nyí ti ń jáde jù. Bí ALT àti AST bá ga tí ALP kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni nǹkan ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ALP àti GGT ló ga jù, ọ̀nà omi òróòro ni ká lọ wò: bóyá òkúta ti dí i, bóyá kókó kan ti fún un pa, tàbí oògùn kan ló ń dí ìṣàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí òkúta wà nínú òróòro rẹ̀ lè máa ní ìrora lápá ọ̀tún lókè ikùn, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ olóròóró. Bí òkúta náà bá jáde sí ojú ọ̀nà, ara á máa yún un, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun. Ẹ rántí pé ALP wà nínú egungun náà: ọmọ ọdún 14 tó ń ga sókè gbọ́dọ̀ ní ALP tó ju ti bàbá rẹ̀ lọ, kò sì túmọ̀ sí àìsàn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà ga? Ọ̀pọ̀ láàbù fi òpin ALT sí nǹkan bíi 40 yúnìtì fún lítà kan. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú inú àti ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé iye yẹn ti pọ̀ jù: 33 ló yẹ kó jẹ́ òpin fún ọkùnrin, 25 fún obìnrin. Bí ó bá ga díẹ̀, tí kò tó ìlọ́po márùn-ún òpin, àsìkò wà láti fara balẹ̀ wádìí. Bí ó bá wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìyẹn 1,000 sókè, ohun tó sábà máa ń fà á kò pọ̀: kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, oògùn tàbí májèlé, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má dé ẹ̀dọ̀ dáadáa fún àkókò kan, bíi lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Fún ALT 88 àti AST 61, tí kò sí ìrora, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń kóra jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Bí ó bá ti wà nínú ju 5 lọ nínú sẹ́ẹ̀lì 100, a ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá nìyẹn. Ní gbogbo ayé, nǹkan bí àgbàlagbà 3 nínú 10 ló ní in. Ikùn tó yọ síwájú, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n jọ ń rìn pọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oúnjẹ tí a jẹ ju èyí tí ara lò lọ, pàápàá ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti òkèlè ńlá tí a jẹ lálẹ́ ká tó sùn, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. Àpò ọ̀rá abẹ́ awọ náà kún, ó ń tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń gba ìyẹn mọ́ ọn. Èèyàn kò ní láti sanra jù kó tó ní in. Mo ti rí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ tó jẹ́ pé ikùn nìkan ló ní.

Kì í dunni. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá lórí ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Lára ọ̀pọ̀, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn kan, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àpá á máa bò ó díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi le tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bó ṣe ń lọ sí ibẹ̀, ALT tó ti ń ṣíwájú AST lè wálẹ̀, kí AST wá borí rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá sì ń kú nípa àìsàn ọkàn ju bí wọ́n ṣe ń kú nípa ẹ̀dọ̀ lọ, nítorí náà dókítà tó bá rí i gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà pẹ̀lú.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá sanra tó sì dín 7 sí 10 kù nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ á lọ sílẹ̀, wíwú rẹ̀ náà á rọlẹ̀. Ẹni tó wọ̀n 90 kílò, nǹkan bíi kílò 6 sí 9 nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mélòó kan ni, pẹ̀lú rírìn kíákíá lójoojúmọ́, òkèlè tó kéré, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, àti jíjáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. 2024 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá tó ti ń ní àpá, oúnjẹ àti ìrìn ni wọ́n sì tún ń sọ pé kí ẹni tó ń lò ó máa fi kún un.

Ọtí ńkọ́? Ọtí ní àmì tirẹ̀. AST sábà máa ń ju ìlọ́po méjì ALT lọ, GGT á ga, síbẹ̀ AST kì í sábà kọjá 300. Bí ẹ bá rí AST 160 àti ALT 60, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ọtí, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka paragá sí ọtí. Wọ́n á ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn ń mu. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò igi inú rẹ̀, ògógóró sì le ju bíà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tó ń mu ún ní àràárọ̀ àti ní alẹ́ ń mu ọtí lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ fẹnu kan ìgò bíà rí. Bí ó bá dáwọ́ dúró pátápátá, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí.

Oògùn ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí jù, nítorí òun ló wà nínú ilé gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká mú parasitamọ́ọ̀lù. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá ti wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ á so ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ mọ́ èròjà mìíràn, á sì jáde nínú ìtọ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Apá díẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ máa ń sọ di májèlé kan tí wọ́n ń pè ní NAPQI. Ẹ̀dọ̀ ní èròjà tó ń ká májèlé yìí lọ́wọ́ kò, glutathione, kò sì ní í ṣe é ní nǹkan kan níwọ̀n bí èròjà yẹn bá ṣì wà. Bí oògùn bá pọ̀ jù, glutathione á tán. Ìgbà náà ni NAPQI á bẹ̀rẹ̀ sí í pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí tó ń mutí gan-an, glutathione rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ lè pọ̀ jù fún un.

Báwo lèèyàn ṣe ń dé ibẹ̀ láìmọ̀? Ibà mú un. Ó lo Panadol hóró méjì. Ọ̀fìnkìn dà pọ̀ mọ́ ọn, ó ra oògùn ọ̀fìnkìn ní kẹ́míìsì. Parasitamọ́ọ̀lù wà nínú ìyẹn náà. Ara ṣì ń ro ó, wọ́n bá a ṣa oògùn jọ sínú ọ̀rá kékeré. Parasitamọ́ọ̀lù tún wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Kò sí ìkankan tó lò ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ ti kọjá 8. Ní ọjọ́ kìíní, ó lè máà mọ̀ ju kí inú máa rìn ín lọ. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ALT á fò sókè dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oògùn tó ń gbani là wà, acetylcysteine, ó sì dára jù bí wọ́n bá fún èèyàn kí wákàtí 8 tó kọjá. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ti lo àlòjù kò gbọ́dọ̀ dúró kí ojú òun pọ́n kó tó lọ. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó ń se ẹran tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú parasitamọ́ọ̀lù kó lè tètè rọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Parasitamọ́ọ̀lù ṣeé fi ìwọ̀n mọ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà tí wọn kì í wo ìwọ̀n. Ara ẹnìkan nínú ọ̀pọ̀ ló kàn máa ń kọ̀ wọ́n. Augmentin, tí a ń lò fún ọ̀fun àti ọgbẹ́, wà lára àwọn tó ń ṣe èyí jù lágbàáyé. Ó tún máa ń pẹ́: èèyàn lè ti lo oògùn tán, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, kí ojú tó pọ́n. Bí dókítà bá ní kí ẹ rántí gbogbo ohun tí ẹ lò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìdí nìyẹn. Nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, isoniazid, rifampicin àti pyrazinamide ni wọ́n lè gun ẹ̀dọ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá dá wọn dúró fúnra rẹ̀ ń fi ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣeré; ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kó dúró àti bí wọ́n á ṣe dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nevirapine tí wọ́n ń lò fún HIV, valproate tí wọ́n ń lò fún wárápá, wọ́n wà níbẹ̀. Ketoconazole oníhóró, tí àwọn kan ṣì ń rà ní kẹ́míìsì fún làpálàpá, Yúróòpù ti dá a dúró ní 2013, Amẹ́ríkà náà sì fi ìdíwọ́ líle sí i lọ́dún kan náà, torí ẹ̀dọ̀.

Dókítà Hyman Zimmerman, ará Amẹ́ríkà tó fi ayé rẹ̀ wádìí bí oògùn ṣe ń pa ẹ̀dọ̀ lára, fi òfin kan lélẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò. Bí oògùn bá mú kí ALT ju ìlọ́po mẹ́ta òpin rẹ̀ lọ, tí bilirúbìn tó ń mú ojú pọ́n náà sì ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé ọ̀nà omi òróòro dí, nǹkan bí ẹnìkan nínú 10 lè kú bí wọn kò bá rí ẹ̀dọ̀ tuntun fi sí i. Torí náà, ẹ́ńsáìmù tó ga pẹ̀lú ojú tó pọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ́ńsáìmù tó ga nìkan.

Àgbo ńkọ́? N kò kọ àgbo. Àwọn baba wa fi wo ọ̀pọ̀ àìsàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ bóyá inú igbó ni nǹkan ti wá àbí ilé iṣẹ́. Ní Jàmáíkà ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà rí àwọn ọmọdé tí ikùn wọn ń wú, tí ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́. Tíì ewé igbó tí ìyá wọn ń sè fún wọn, tí ewé Crotalaria wà nínú rẹ̀, ni wọ́n gbá mú. Lónìí, gbòǹgbò igi kava, oògùn ìdínsanra tí wọ́n ti fún pọ̀ láti ara tíì aláwọ̀ ewé, àti hóró ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fún oríkèé-ríro ti gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ata ilẹ̀ pupa tí a fi sọbẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ. Hóró tí wọ́n ti sọ di líle ni. Nínú àgbo tí wọ́n ń tà ní ìgò lójú pópó, a kò mọ ewé mélòó ló wà níbẹ̀, a kò mọ bó ṣe le tó. Ẹni tí ALT rẹ̀ ga, àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá dúró, kó má ṣe fi kún un.

Oúnjẹ wa náà lè gbé májèlé wá. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn kò sá gbẹ dáadáa á bu, ohun tó hù lára wọn sì lè ní aflatoxin nínú. 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ ẹ̀pà tó wá láti Brazil ni wọ́n jẹ. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo tó bu mú èèyàn 317, ó sì pa 125. Sísè kò pa á, díndín kò pa á tán. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́, pàápàá tó bá tún ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, wà nínú ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ṣe Aflasafe tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko láti dín in kù. Nínú ilé, ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu, tó rún tàbí tó korò dànù, kí ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa.

Nígbà mìíràn, ẹ̀dọ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Iṣan ara ní AST, ó sì ní ALT díẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá, tí gbígbé irin kò mọ́ lára, gbé irin fún wákàtí kan. AST àti ALT wọn ga fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbé irin, lébìrà tó ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ kejì, lè gbé èsì ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ wálé. Àyẹ̀wò CK, tó ń wọn iṣan, ló ń já irọ́ rẹ̀. Bí CK bá ga tí GGT kò ga, ẹ fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ náà ní tirẹ̀. AST wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Lára ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀làdìde, sẹ́ẹ̀lì yẹn ń fọ́ lójoojúmọ́. AST á ga, ALT á wà bó ṣe yẹ, ojú á pọ́n díẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ wọn pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ ló ń tú bilirúbìn jáde. Lóòótọ́, ẹ̀dọ̀ wọn kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: òkúta òróòro wọ́pọ̀ lára wọn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà léraléra sì ń kó irin jọ sínú ẹ̀dọ̀. Bí ALT náà bá ga, kí wọ́n wò ó. Àní bí ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ bá fà á tipátipá débi tí sẹ́ẹ̀lì fọ́ sínú ìgò, AST lè ga lásán. Kí wọ́n tún un fà.

Ibà ẹ̀fọn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà pọ́njú, ibà Lassa, gbogbo wọn ló lè gbé ALT àti AST sókè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Èsì tí wọ́n gbà nígbà tí ibà ń mú èèyàn lọ́wọ́ kò tó fi ṣèdájọ́. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn tí ara bá ti yá.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ dúró rárá. ALP rẹ̀ á ga bí oyún ṣe ń dàgbà, torí ibi ọmọ ń ṣe é, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oyún tó ń lọ dáadáa kì í gbé ALT àti AST sókè. Bí wọ́n bá ga nígbà tí oyún ti wọ oṣù kẹfà sókè, tí orí ń fọ́ ọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó ń dùn ún lókè ikùn lápá ọ̀tún, ó lè jẹ́ àìsàn tí Louis Weinstein fún ní orúkọ HELLP ní 1982: sẹ́ẹ̀lì pupa ń fọ́, ẹ́ńsáìmù ń ga, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ń lọ sílẹ̀. Ìyá àti ọmọ lè bá a lọ. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀bí náà, kì í ṣe kó lọ sinmi sílé.

Àwọn mìíràn kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n dókítà tó mọ̀ ọ́n á wá wọn bí gbogbo èyí tí mo ti kà bá kúrò nílẹ̀. Ààbò ara lè dojú kọ ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀, obìnrin ló sì ń ṣe jù. Prednisolone máa ń kápá rẹ̀. Bàbà lè kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọ̀dọ́, nínú àìsàn tí Dókítà Kinnier Wilson ṣàpèjúwe ní 1912. Irin náà lè kóra jọ: àjogúnbá ni lára ọ̀pọ̀ ará ìhà àríwá Yúróòpù, ní gúúsù Áfíríkà ó sì bá àwọn tó ń mu ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n pọn sínú ìkòkò irin. Ọkàn tó ń rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń pa dà dúró sínú ẹ̀dọ̀, àti ẹ̀yà ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. ALT tí kò ga kò fi dandan túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ yá. Ẹ̀dọ̀ tí àpá ti bò pátápátá kò ní sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ mọ́ láti tú ẹ́ńsáìmù jáde. Albumin, bilirúbìn àti àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tètè dì ló ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Sikáànù ló ń fi ọ̀rá àti òkúta hàn. Ẹ má gba èsì ALT àti AST nìkan kí ẹ sì lọ sùn.

Bí wọ́n bá fún yín ní irú ìwé yìí, tí ara kò sì ni yín, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ sinmi ọtí, ẹ sinmi iṣẹ́ agbára fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dá àgbo dúró. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ má dá a dúró láìbéèrè. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú àpò kan, pẹ̀lú páálí wọn, ìgò àgbo àti hóró tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú dókítà, kí ẹ má tijú. Bí ojú bá pọ́n, bí ikùn bá ń wú, bí ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ẹni tó ń ṣàìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kejì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nítòsí lójú ẹsẹ̀.